Màlúù Omi Tí Mo Kí Kú Ìwẹ̀

Ẹ má bá mi sọ ọ́ dé Ṣakí o: mo ti kí ẹran kú ìwẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé mo mutí. Ojú mi là kedere, oòrùn ọ̀sán ti rọ̀, a wà nínú ọkọ̀ àjẹ̀ lórí odò kan lẹ́yìn Ekete, lẹ́bàá Warri, ni mo bá rí orí bàbá apárí kan tó yọ lójú omi. Orí náà dúdú, ó ń dán. Imú rẹ̀ fẹ̀, irùngbọ̀n ṣákáṣáká sì yí ẹnu rẹ̀ ká. Ó mí fúú, bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Nílé wa, a kì í bá àgbà lẹ́nu ohun tó ń ṣe ká kọjá láìkí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkí tirẹ̀, ẹni tó jókòó ní tirẹ̀, ẹni tó kàn ń gba atẹ́gùn pàápàá ní tirẹ̀. Ọkọ̀ àjẹ̀ kò gba ìdọ̀bálẹ̀, nítorí náà mo tẹ orí ba díẹ̀, mo sì ké sí i pé, "Ẹ kú ìwẹ̀ o, bàbá!"

Bàbá náà wò mí. Ọlọ́run lẹ́rìí mi, ó wò mí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ, ẹ̀yìn tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí kò sì fẹ́ tán. Nígbà tó tán, ìrù ló tẹ̀ lé e, ìrù pẹlẹbẹ bí àtẹ tí wọ́n fi ń ta ata. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé èèyàn kì í ní ìrù.

Igbe tí mo ké lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi. Mo fò dìde dúró. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ àjẹ̀ mọ̀ pé wọn kì í dìde dúró nínú rẹ̀. Omi bù wọlé, mo jókòó padà, mo sì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

A pé mẹ́ta nínú ọkọ̀ náà. Màdáàmù Ejiro, ọ̀gá mi, wà níwájú, ó dorí kodò, ó ń kọ nǹkan. Màmá Tega tó ni ọkọ̀ wà lẹ́yìn, òun náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi abọ́ gbọ́n omi tó jò wọlé. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi máa gbójú sókè, kò sí nǹkan kan lójú odò mọ́ ju omi tó ń yí po lọ.

"Ọ́ńkù, kí lẹ rí?" ni Màdáàmù béèrè.

"Bàbá kan," ni mo wí. "Ó ní ìrù."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Màdáàmù. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń wá ohun tí mo rí yẹn. Màlúù omi ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹja, ó ń fún ọmọ lọ́yàn, koríko etí odò ló ń jẹ, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ti pa á tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló kù láyé. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ èbúté sí etí odò náà, wọ́n sì fẹ́ wa yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba Màdáàmù pé kó wá yẹ ibẹ̀ wò, kó sọ irú ẹranko tó ń gbé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ pé màlúù omi ń jẹun níbẹ̀, wọ́n á gbé èbúté náà lọ sí ìsàlẹ̀ odò, sí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Bí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ó sì wá rí bẹ́ẹ̀ pé nínú gbogbo èèyàn tó ń bẹ láyé, èmi dírẹ́bà ló rí i. Mo rí i, mo sì kí i.

*

Nígbà tí mo kúrò ní Ṣakí, mi ò mọ̀ pé omi pọ̀ tó báyìí láyé. Omi tí mo mọ̀ ni ti kànga. Omi kànga mọ ipò ara rẹ̀: ìsàlẹ̀ ló wà, ìwọ lo máa lọ bá a. Ní Warri, omi ló ń wá bá èèyàn. Ó ń ti òkè wá, ó ń ti ilẹ̀ sun jáde, ó ń wọ inú bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń jí láàárọ̀, kí n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan dán ilẹ̀ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ epo ni mo wá wakọ̀ fún. Mo gba yàrá ní Okumagba Layout, ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni ọmọ kékeré kan, ọmọ onílé mi, dúró gbagidi níwájú mi, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ọ́ńkù, háù fà?" Mo dúró, mò ń retí kí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Kò kanlẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, nítorí kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Pijin ni gbogbo ìlú ń sọ, nínú pijin, ọba àti ọmọ ọ̀dọ̀, "yù" kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, Yorùbá ni mo sọ ọ̀rọ̀ wọn dà, mo sì ti fi "ẹ" sí ẹnu àwọn kan tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tí mo fẹ́ràn ni mo fi fún.

Oúnjẹ náà dẹ́rù bà mí. Wọ́n gbé òkèlè sítáàṣì fún mi pẹ̀lú ọbẹ̀ bàǹgá tí wọ́n fi ẹyìn ọ̀pẹ sè. Ní ilé wa, sítáàṣì la fi ń mú kí aṣọ le. Mo wò ó, mo rò ó pé ṣé inú mi ni wọ́n fẹ́ lọ̀ ni. Mo gbé e mì, ojú mi pọ́n. Ọdún yẹn kò tíì parí tí mo fi ń jẹ ẹ́ tí mò ń lá ìka.

Ìṣẹ́gun tèmi kò ju báyìí lọ. Ọjọ́ kan, obìnrin oníbúrẹ́dì kan ní Enerhen fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní pijin, ó ní mò ń ná búrẹ́dì bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo ní màá bá bàbá búrẹ́dì sọ̀rọ̀ ná. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi búrẹ́dì kékeré kan lé e fún mi. Mo rìn délé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Ìyàwó mi wá bá mi, a bí àwọn ọmọ wa síbẹ̀. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Láàárín àkókò yẹn náà ni ẹsẹ̀ Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nílé, ìyàwó mi sì kó àwọn ọmọ lọ sí Ṣakí láti máa tọ́jú rẹ̀. Èmi dúró, mò ń wa ọkọ̀ fún ẹni tó bá pè mí. Mo kó lọ sí Ekete, sí yàrá kan ṣoṣo. Fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Mo máa ń se ìrẹsì gbogbo ilé, kí n wá jẹ ti ìyàwó mi láàárọ̀, kí n jẹ ti àwọn ọmọ lọ́sàn-án.

Bí mo bá pe ilé, Màámi ló ń kọ́kọ́ gba fóònù.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Ṣé wọ́n ń kí ọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń kí mi, Màámi."

"Bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nílé?"

"Ó fẹ́ẹ̀ jọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ni Làbákẹ́, àkọ́bí mi, á já fóònù gbà: "Dádì, dís pípù nó sàbí láàfù o!" Ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ṣakí sú u. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní ọmọ Warri, nítorí pé ó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n pijin ló fi ń dáhùn. Ó kí ìyá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nína, àwọn àgbà sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, mo máa ń rò ó pé èmi àti ọmọ mi ti pààrọ̀ ibùsùn. Ó lọ di àlejò nílé mi, èmi jókòó sí ilé rẹ̀, mò ń ṣe àlejò.

*

Ọkọ̀ ilẹ̀ ni Màdáàmù Ejiro gbà mí fún. Ọmọ Urhobo ni, ó kàwé dé ibi tí ìwé parí sí, ṣùgbọ́n "Ọ́ńkù" ló ń pè mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹni tó máa ń bá a wo apá òsì odò ṣàìsàn, ó ní, "Ọ́ńkù, ojú yín ríran dáadáa. Ẹ wọ ọkọ̀." Mi ò sọ fún un pé ojú mi ń ríran nítorí pé ó ń wá ibi tí màá sá gbà.

Wọ́n fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Mo wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀, mo wọ̀ ọ́ ní etí odò, mo sì wọ̀ ọ́ jókòó sídìí oúnjẹ níwájú ilé Màmá Tega.

"Ọ́ńkù," ni Màmá Tega wí, "ilẹ̀ yìí kò tíì rì láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

"Ẹ ṣeun, mà. Mo kàn fẹ́ kó mọ́ mi lára ni."

"Ọbẹ̀ yẹn jìn o. Ẹ ṣọ́ra."

Báyìí la ṣe ń ṣiṣẹ́ náà. A máa ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko tó gba ojú omi, Màdáàmù á máa wò ó bóyá wọ́n ti jẹ orí rẹ̀, á máa wá ìgbẹ́ ẹran tó léfòó. Lẹ́yìn náà, a ó dákẹ́, a ó jókòó, a ó máa wo ojú odò bóyá imú kan á yọ wá mí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló pa mí lára jù. A kì í kọ́ ọmọ Ṣakí láti jókòó ti èèyàn méjì kó má sọ̀rọ̀. Koríko jíjẹ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Màdáàmù ní àwọn ará abúlé Màmá Tega tó wà létí odò náà ń gé e fún ewúrẹ́, kò sì lè fi ìyẹn nìkan jẹ́rìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo kí ẹran yẹn, a padà lọ, a tún padà lọ. Kò yọ mọ́. Màdáàmù ní kò yẹ kí n bínú sí ara mi. Mo bínú sí ara mi.

"Mo gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́, Ọ́ńkù," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló rí i, kò sì sí fọ́tò. Àfi bí àwọn ará abúlé bá gba ọ̀rọ̀ yín wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí níbi ìpàdé tí wọ́n máa ṣe lórí èbúté náà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ máa ní láti dìde sọ ọ́ fúnra yín."

Ìyẹn ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú fún mi. Tega, ọmọ Màmá Tega, ọ̀rẹ́ mi ni. Wẹ́dà ni, òun ló ń jó irin sálẹ́ǹsà ọkọ̀ mi, òun náà sì ni agbẹnusọ àwọn ọ̀dọ́ abúlé. Ọkùnrin tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ náà ti ṣèlérí pé Tega àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa gbà láti jó irin èbúté, ó sì ti wo èmi náà lójú, ó ní dírẹ́bà bíi tèmi ló ń wá fún bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń lọ láti ọdún dé ọdún. Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé-ìwé tí àwọn ọmọ á padà sí ní Warri.

Tega wá bá mi pẹ̀lú ẹja yíyan tí wọ́n fi bébà wé.

"Ọ́ńkù, ohun tí ẹ rí yẹn, ó lè jẹ́ igi."

"Tega, igi kì í mí."

"Ó lè jẹ́ igi." Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ó bá mi sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyàwó mi ti lóyún, ẹ mọ̀. Mi ò rí irin jó láti ìgbà wo. Ẹ̀yin náà á wakọ̀. Màmá Làbákẹ́ á padà wá. Igi ni ẹ máa sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

A jẹ ẹja náà pọ̀. Ó dùn. Nígbà tó lọ tán, mo dúró níwájú dígí, mo sọ pé, "Igi ni." Ẹnu mi kò wó. Mo tún un sọ, ó tilẹ̀ yọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti ń bẹ̀rù omi láti ìgbà tí mo ti dé Warri, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kankan tí ẹ̀rù omi bà mí tó bí ìrọ̀rùn irọ́ yẹn lẹ́nu mi ṣe dẹ́rù bà mí.

Mo pe ìyàwó mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Bàbá Làbákẹ́, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Ojú ẹran náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo rò ó. "Ó dà bí ẹni tí kò retí pé ẹnikẹ́ni á kí òun."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì rọ̀ nígbẹ̀yìn. "Ohun tí ẹ bá sọ, mo wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ padà wá o. Ẹ má rò pé mi ò fẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń fẹ́ ẹ."

*

Iwájú ilé Pápá, ẹni tó dàgbà jù lábúlé náà, ni wọ́n ti ṣe ìpàdé. Wọ́n to àga ike sábẹ́ igi máńgòrò. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó mọ́, Màdáàmù wà níbẹ̀, àwọn obìnrin jókòó sí apá kan, àwọn ọ̀dọ́ dúró lẹ́yìn Tega. Pápá gbé táwẹ́ẹ̀lì sí èjìká, ó ń fi lé eṣinṣin.

Tega ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò rí màlúù omi nínú odò náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹgbẹ́ òun kan tó rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Màdáàmù dìde, ó ní ẹnì kan wà tó ní òun rí i, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Gbogbo ojú sì yí sí mi.

Mo dìde. Mo di àga iwájú mi mú bí mo ṣe di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú lọ́jọ́ náà, ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ sì yíjú wò mí. Mo wo Tega. "Igi" wà ní orí ahọ́n mi, ó ti múra tán. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Mo kí i."

"Ẹ kí ta ni?" ni Pápá béèrè.

"Ẹran náà, sà. Mo rò pé àgbàlagbà kan ló ń wẹ̀. Mo ní kó kú ìwẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ọ́ńkù Yorùbá! Ṣé ó dáhùn?" Mo ní kò dáhùn, bóyá kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo sọ gbogbo rẹ̀: imú, irùngbọ̀n, ẹ̀yìn tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ìrù, igbe tí mo ké. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín ń dínkù. Nígbà tí mo parí, àwọn àgbà kan ń wo ilẹ̀.

Mo sọ pé, "Mo fẹ́ wa bọ́ọ̀sì yẹn. Gbogbo yín mọ̀ pé mo fẹ́ wà á. Ṣùgbọ́n mo rí i."

Mo jókòó. Tega kò bínú. Ká ní ó bínú, ì bá sàn fún mi.

"Pápá," ló wí, "Ọ́ńkù, èèyàn dáadáa ni, gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni. Kò ní odò. Kò pa ẹja kan ṣoṣo rí. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ wa, ó lè kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ṣakí lọ́la. Àwa la máa kù síbí. Àlejò kọ́ ló yẹ kó jẹ́rìí odò wa fún wa."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ pé ibí la bí àwọn ọmọ mi sí, pé ọmọ mi ń sunkún Warri ní Ṣakí, pé mò ń lá ìka nídìí bàǹgá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni: mo lè kó ẹrù mi lọ. Àpò méjì ni.

Pápá fi táwẹ́ẹ̀lì nu orí. Ó wá ní, "Ohun tí Tega sọ, òfin wa ni. Ẹni tó máa jẹ́rìí odò yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ara wa. Bí ọkùnrin yìí bá jẹ́ àlejò, a máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, a ò ní fi bú u. Bó bá jẹ́ ara wa, Màdáàmù, kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gbé èbúté wọn lọ sísàlẹ̀ odò." Ó yíjú sí apá àwọn obìnrin. "Màmá Tega, inú ọkọ̀ tìrẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ṣé o rí ẹran náà?"

Màmá Tega dìde. Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró dáadáa.

"Mi ò rí i," ló wí. "Omi ni mò ń gbọ́n."

Mo gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ mí kanlẹ̀. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ṣùgbọ́n Màmá Tega kò jókòó. Kò wo èmi, kò wo Pápá. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun.

"Tega, mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mo mọ ohun tó wà nílé rẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ èbúté yìí ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo àlejò tó wọ ibí ló ń sọ ohun tó dùn mọ́ wa nínú. Ọkùnrin yìí nìkan ló dìde láti sọ ohun tí kò dùn mọ́ wa, tí kò sì dùn mọ́ òun náà. Àlejò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."